Ṣé kíkó kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde ń ṣe ẹ̀dọ̀fóró láǹfààní? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó ní cystic fibrosis àti àwọn òbí

Ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ náà lálẹ́, lójoojúmọ́: bí ọ̀pọ̀ ìdílé ṣe ń kó kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kúrò láyà ẹni tó ní cystic fibrosis nìyẹn. Àárẹ̀ wà níbẹ̀, owó wà níbẹ̀, ẹkún ọmọ náà wà níbẹ̀. Ó tọ́ kí ẹni tó ń ṣe é mọ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, kó sì mọ irú ìwọ̀n tó lè sọ òótọ́ fún un. CF ni a ó máa pe àrùn náà láti ìsinsìnyí lọ.

Kí ni kẹ̀lẹ̀bẹ̀ CF ń ṣe sí ẹ̀dọ̀fóró?

Jíìnì kan tó ń jẹ́ CFTR ló ń darí bí iyọ̀ àti omi ṣe ń wọlé, tí wọ́n sì ń jáde lára sẹ́ẹ̀lì. Ọdún 1989 ni àwọn olùwádìí ní Toronto àti Michigan ṣàwárí rẹ̀. Bí èyí tí ọmọ gbà lọ́dọ̀ bàbá àti èyí tó gbà lọ́dọ̀ ìyá bá jọ lábùkù, omi tó yẹ kó tẹ́ lórí ògiri ọ̀nà èémí á gbẹ. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á wá ki, á lẹ̀ típẹ́típẹ́, àwọn irun tín-ín-tìn-tín tó yẹ kó máa gbá a lọ sókè ò sì ní lágbára rẹ̀ mọ́. Kòkòrò àìfojúrí á fi ibẹ̀ ṣelé. Ara á máa bá wọn jà, ìjà náà á sì máa jẹ ògiri ọ̀nà èémí díẹ̀díẹ̀.

Inú àwọn ọ̀nà èémí kéékèèké, nísàlẹ̀ pátápátá, ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ ti ń kà lọ. Irinṣẹ́ tí kò lè rí ìsàlẹ̀ yẹn lè sọ pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀, nígbà tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Ọ̀nà wo la fi ń kó kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà jáde?

Èyí tó pẹ́ jù ni kí a fi ọmọ dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí a ká àtẹ́lẹwọ́ bí igbá, kí a máa fi gbá àyà rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń da orí ọmọ kodò. Wọn kì í ṣe ìyẹn fún ìkókó mọ́, torí ó ń jẹ́ kí oúnjẹ padà gòkè wá sọ́nà ọ̀fun.

Ọ̀nà mìíràn ni mímí alákọ̀ọ́yípo: kí a mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ fúngbà díẹ̀, kí a fa èémí ńlá mẹ́ta sí mẹ́rin, kí a wá ṣe hààfù. Hààfù kì í ṣe ikọ́ o. Ẹ la ẹnu bí ẹni fẹ́ fi èémí mú ojú dígí ṣú, kí ọ̀fun ṣí gbayawu, kí ẹ fi agbára ikùn ti èémí jáde: hàààà. Hààfù gígùn, tí a bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àyà ò tíì kún, ló ń gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ìsàlẹ̀. Hààfù kúkúrú, tí a bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àyà kún dẹ́nu, ló ń gbé èyí tó ti dókè. Ẹni tó bá ń ṣe kúkúrú nìkan á máa rí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ díẹ̀, ìsàlẹ̀ á sì wà bó ṣe wà.

PEP ńkọ́? Ìbomú tàbí ìfinusẹ́nu tó ní ihò kékeré lẹ́nu ni. Bí ẹ bá ń mí síta gba ibẹ̀, atẹ́gùn á kojú ìdíwọ́, ìfúnpá á ṣí àwọn ọ̀nà tó ti pa dé, atẹ́gùn á sì rọ́nà dé ẹ̀yìn kẹ̀lẹ̀bẹ̀ láti tì í. Ìfúnpá tí a ń wá ni 10 sí 20 sẹ̀ǹtímítà omi láàárín mímí síta. Èémí 10 sí 15, hààfù méjì tàbí mẹ́ta, ìsinmi díẹ̀, kí a tún un ṣe bíi ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ẹ so aago ìfúnpá mọ́ ọn, ó kéré tán nígbà tí ẹ bá ń kọ́ ọ. Bí ihò bá tóbi jù, ìfúnpá ò ní dé 10. Bó bá kéré jù, á kọjá 20, ó sì máa rẹ ọmọ kó tó parí. Bí ìbomú bá jò lẹ́bàá imú, tàbí tí ọmọ ń wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni ń fun fèrè, aago á sọ fún yín.

Àwọn tó ń gbọ̀n pẹ̀lú wà: Flutter ní bọ́ọ̀lù irin nínú, nítorí náà bí a ṣe dà á sí lọ́wọ́ ṣe pàtàkì, Acapella ń lo mágínẹ́ẹ̀tì, kò bìkítà bí a ṣe dì í mú. Ẹ̀wù tó ń gbọn àyà náà wà. Eré sísá àti bọ́ọ̀lù gbígbá ń ràn án lọ́wọ́ bákan náà.

Ọmọ mi tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó pọ̀ lónìí. Ṣé ìtọ́jú náà ṣiṣẹ́ nìyẹn?

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wíwọ̀n ọ́n ò le: ẹ wọn ife ṣófo pẹ̀lú ìdérí rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n tó ń ka ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù. Kó tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú títí di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ dé e kíá kó má baà gbẹ, kí ẹ tún un wọ̀n. Bí ife bá jẹ́ gíráàmù 14.2, tí gbogbo rẹ̀ wá di 19.8, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jẹ́ 5.6.

Ṣùgbọ́n itọ́ ẹnu wà nínú 5.6 yẹn, bóyá púpọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn yàrá ìwádìí fi máa ń gbẹ ẹ́ kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Ọmọdé sì máa ń gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mì. Ọmọ ọdún mẹ́rin lè kó púpọ̀ sókè kí ife rẹ̀ ṣófo. Lékè gbogbo rẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó pọ̀ lójijì lè jẹ́ pé àìsàn ló ń gbóná, kì í ṣe pé ìtọ́jú ló sunwọ̀n. Nítorí náà, ìwọ̀n kẹ̀lẹ̀bẹ̀ dára láti fi ọ̀nà kan wé èkejì lára ẹnì kan náà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ má fi í ṣèdájọ́ oṣù mẹ́fà.

Báwo la ṣe ń wọn FEV1 kó má baà parọ́?

FEV1 ni iye atẹ́gùn tí ènìyàn tì jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá àkọ́kọ́, lẹ́yìn tó ti fa èémí kún àyà dẹ́nu. Lítà la fi ń kà á, a ó sì fi wé iye tí a ń retí lára ẹni tí ọjọ́ orí àti gíga wọn dọ́gba, tí àwọn méjèèjì sì jọ jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin.

Ní ilé-ìwòsàn, wọ́n gbọ́dọ̀ fi sírínjì lítà 3 dán ẹ̀rọ wò lójoojúmọ́; ohun tó bá kà gbọ́dọ̀ wà láàárín 2.91 sí 3.09. Ẹni tó fẹ́ fẹ́ ẹ á jókòó ṣánṣán, ẹsẹ̀ á kanlẹ̀, wọ́n á fi nǹkan fún imú rẹ̀ pa, ètè á yí ìfinusẹ́nu ká típẹ́. Á fa èémí títí kò fi ní àyè mọ́, á tì í jáde lójijì bí ẹni ń pa fìtílà ọ̀nà jíjìn, á sì máa tì í lọ títí ìlà orí ẹ̀rọ á fi tẹ́ pẹrẹsẹ. A nílò fífẹ́ mẹ́ta tó péye, kí méjì tó ga jù má sì fi ju mílílítà 150 lọ síra. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, a ó tún un ṣe, àmọ́ fún àgbàlagbà a kì í sábà kọjá mẹ́jọ, torí àárẹ̀ á ti wọlé.

Ojú àwòrán ni àṣìṣe ti ń hàn. Fífẹ́ tó dára máa ń gòkè ṣóńṣó lẹ́ẹ̀kan, á wá sọ̀ kalẹ̀. Bí orí rẹ̀ bá rí roboto, ẹni náà lọ́ra níbẹ̀rẹ̀. Bó bá rí págunpàgun níbẹ̀rẹ̀, ó wúkọ́. Ẹ da ìyẹn nù. Bó bá gé kúrú bíi pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé e, ó dákẹ́ kó tó tán. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí wọ́n sọ fún òbí pé “FEV1 ti já”, ó yẹ kó béèrè kí wọ́n fi àwòrán náà han òun.

A wọn FEV1 ṣáájú ìtọ́jú àti lẹ́yìn rẹ̀, kò yí padà. Ṣé lásán la ń ṣe é?

Rárá o. Ìbéèrè yìí ló ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn jẹ́ jù, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ sí i.

Àkọ́kọ́, àwọn ọ̀nà èémí ńlá ló ń darí FEV1 jù. Àwọn kéékèèké pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ nínú wọn lè dí kó tó hàn. Nítorí náà ọmọ lè ní FEV1 ìdá 95 nínú 100, kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. Ìtọ́jú á kó díẹ̀ níbẹ̀, FEV1 ò sì ní mọ̀.

Èkejì, ikọ́ àti hààfù fún ogún ìṣẹ́jú ń tánni lókun. Ẹni tí iṣan àyà rẹ̀ ti rẹ̀ á fẹ́ ẹ̀rọ náà kò ní le tó bí ó ṣe fẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sinmi fún 20 sí 30 ìṣẹ́jú kó tó fẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀tàn òdìkejì rẹ̀. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n, tí ẹ wá fún un ní salbutamol (oògùn ìfàsímú tó ń ṣí ọ̀nà èémí), tí ẹ ṣe ìtọ́jú, tí ẹ sì tún un wọ̀n, tí ó gòkè, salbutamol ló lè gbé e gòkè! Ẹ fún un ní salbutamol kọ́kọ́, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ ṣe ìtọ́jú, ẹ jẹ́ kó sinmi, ẹ wá tún un wọ̀n. Nígbà náà la tó lè sọ pé ìtọ́jú ló ṣe é.

LCI tí wọ́n ń sọ yìí, kí ni?

Òun ni ìwọ̀n tó ń rí ibi tí FEV1 kò rí. Atẹ́gùn tí à ń mí ní náítírójìn bí ìdá 78 nínú 100. A ó fún ẹni náà ní ọ́síjìn gidi láti máa mí, ẹ̀rọ á sì máa ka náítírójìn tó ń jáde títí á fi ku ìdá kan nínú ogójì ohun tó wà níbẹ̀rẹ̀. Iye gbogbo atẹ́gùn tó mí síta títí dé ibẹ̀, tí a bá pín in pẹ̀lú atẹ́gùn tó ń wà nínú ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn mímí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ni LCI.

Ẹ wo ọmọ méjì tí atẹ́gùn tó ń wà nínú ẹ̀dọ̀fóró wọn lẹ́yìn mímí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ jẹ́ lítà 1.5. Ọ̀kan mí lítà 10.5 kí náítírójìn tó tán: LCI rẹ̀ jẹ́ 7, ó dára. Èkejì mí lítà 15: 10 ni tirẹ̀. Àwọn igun kan wà nínú àyà ọmọ kejì tí atẹ́gùn ò tètè dé, tí kò sì tètè kúrò. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ni ìdíwọ́ ṣe ń pọ̀.

Ọmọ kò ní láti fi agbára fẹ́ nǹkan kan. Á kàn máa mí, á máa wo kàtúùnù. Ìṣòro ibẹ̀ ni jíjò. Bí ètè bá ṣí fún ìṣẹ́jú-àáyá kan péré, náítírójìn inú yàrá á wọlé, ìlà tó ń sọ̀ kalẹ̀ á fò sókè lójijì, ìdánwò yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ̀rín àti ìtàn tó dùn jù nínú kàtúùnù máa ń fà á. Kí wọ́n yan fíìmù tí kò ní pa ọmọ lẹ́rìn-ín. Ìdánwò méjì tó péye ló kéré jù, mẹ́ta ló dára. Láàárín wọn, ẹ gbọ́dọ̀ dúró kí náítírójìn padà sípò rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èkejì á jáde ní irọ́. Fún ìkókó, gáàsì SF6 ni wọ́n ń lò, torí ọ́síjìn gidi ń yí bí ìkókó ṣe ń mí padà.

Bí ẹ bá ní èsì LCI àtijọ́, ẹ ṣọ́ra kí ẹ tó fi wé tuntun. Ní 2021, àwọn olùwádìí tẹ àbájáde kan jáde pé àwọn sẹ́ńsọ̀ ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń lò káàkiri ń ṣi ara wọn lọ́nà, tí LCI sì ń ga ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ti tún ìṣirò rẹ̀ ṣe. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-ìwòsàn bóyá wọ́n ti fi ìṣirò tuntun ka ti àtijọ́.

LCI ọmọ mi tún gòkè lẹ́yìn ìtọ́jú. Ṣé a pa á lára ni?

Kì í ṣe dandan. Igun tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ dí pátápátá kò sí nínú ìṣirò rárá, torí atẹ́gùn ìdánwò ò débẹ̀. Bí ìtọ́jú bá wá ṣí i díẹ̀, igun náà wọ ìṣirò, àmọ́ ó ń lọ́ra, ó sì ń gbé nọ́ńbà sókè. Ohun rere lè wọ aṣọ ohun búburú báyìí. Nítorí náà, LCI tí a wọ̀n ní wákàtí kan lẹ́yìn ìtọ́jú ẹyọ kan kò yẹ kó mú ẹnikẹ́ni yí ìtọ́jú padà. LCI tí a wọ̀n ní ìgbà mẹ́ta mẹ́rin láàárín ọdún kan, ní wákàtí kan náà lọ́jọ́, níyì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣé a lè fojú rí i nínú àwòrán?

A lè rí i. Ọ̀nà kan ni kí ènìyàn fa èérún tín-tìn-tín tí wọ́n fi technetium-99m, ohun kan tó ń tan ìtànṣán, sàmì sí, kí kámẹ́rà sì máa ka iye tó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀dọ̀fóró bí ìṣẹ́jú ti ń lọ. Wákàtí mẹ́fà ni agbára ìtànṣán rẹ̀ fi ń já sí ìdajì. Òun ló ń wọn ìrìn kẹ̀lẹ̀bẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwádìí nìkan ni a fi ń ṣe.

Ọ̀nà kejì ni MRI pẹ̀lú gáàsì xenon-129. A fa gáàsì náà, a dá èémí dúró fún bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, ibi tí atẹ́gùn dé á funfun, ibi tí kò dé á ṣókùnkùn. Kò ní ìtànṣán tó ń ṣèpalára. Oṣù Kejìlá 2022 ni àjọ FDA ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún ẹni ọdún 12 sókè. CT ń fi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó dí hàn kedere, ṣùgbọ́n ìtànṣán rẹ̀ kò jẹ́ ká máa tún un ṣe ṣáá.

Nínú PEP àti ẹ̀wù agbọnni, èwo ló dára jù?

Ìwádìí kan ní ilé-ìtọ́jú CF méjìlá ní Kánádà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013, pín ènìyàn 107 sí ọ̀nà méjèèjì fún ọdún kan. FEV1 àwọn ìhà méjèèjì kò yàtọ̀. Ká ní ibẹ̀ ni wọ́n dúró ni, wọn ì bá ní ọgbọọgba ni wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n ka ìgbà tí àìsàn àyà gbóná: ti àwọn oní-PEP jẹ́ 1.14 lọ́dún ní ìpíndọ́gba, ti àwọn ẹlẹ́wù jẹ́ 2.0. Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn fún ẹni tí ìgbóná kọ̀ọ̀kan lè túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ méjì oògùn apakòkòrò.

Ìwádìí yẹn ló jẹ́ ká gbà pé iye ìgbà tí àìsàn gbóná ni ìwọ̀n tó lágbára jù fún ìtọ́jú yìí. Àmọ́, tí a bá kó gbogbo ìwádìí pọ̀, kò sí ọ̀nà kan tó borí ìyókù fún gbogbo ènìyàn. Èyí tí ọmọ yóò gbà láti ṣe lójoojúmọ́ ló ń borí.

Báwo la ṣe mọ̀ pé “àìsàn gbóná”?

Àmì méjìlá kan wà tí ọ̀pọ̀ ìwádìí ń lò láti 1994: kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yí padà, ẹ̀jẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ikọ́ pọ̀ sí i, mímí nira sí i, àárẹ̀, ibà tó kọjá 38°C, àìlèjẹun tàbí rírù, ìrora ní àyíká imú àti iwájú orí, ìyípadà nínú ikun imú, ìyípadà nínú ohùn àyà tí dókítà gbọ́, èsì fífẹ́ ẹ̀rọ (bíi FEV1) tó já ní ìdá 10 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti ìyípadà nínú àwòrán àyà. Mẹ́rin nínú wọn, pẹ̀lú oògùn apakòkòrò tí wọ́n fà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, ni wọ́n ń kà sí ìgbóná. Ẹ má dúró de mẹ́rin kí ẹ tó pe nọ́ọ̀sì yín. Fún ìwádìí ni wọ́n ṣe é.

Ìwé ìbéèrè CFQ-R náà wà, tó ń fi 0 sí 100 wọn bí mímí ṣe rí lójú aláìsàn fúnra rẹ̀. Fún ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀, ìyàtọ̀ máàkì 4 ti tó láti mọ̀ lára.

Aláwọ̀ dúdú ni wá ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ní ìdá FEV1 ọmọ wa ti já, àmọ́ ara rẹ̀ le.

Ẹ béèrè iye lítà. Tẹ́lẹ̀, ìlànà GLI ti 2012, tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn fi ń ṣírò iye tí wọ́n ń retí, ní ìṣirò ọ̀tọ̀ fún aláwọ̀ dúdú, tó ń retí atẹ́gùn tó kéré lọ́wọ́ wọn. Ìṣirò tuntun tó ń jẹ́ GLI Global, tí kò wo àwọ̀ ara, dé ní 2022, American Thoracic Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣègùn ẹ̀dọ̀fóró ní Amẹ́ríkà, sì dámọ̀ràn irú rẹ̀ ní 2023. Bí ilé-ìwòsàn bá yí sí i, iye tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ ọmọ yín ga sókè, ìdá rẹ̀ á já, láìjẹ́ pé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ yí padà. Bí lítà bá dúró tàbí tó ń gòkè bí ọmọ ti ń dàgbà, ìṣirò ló yí.

Aláwọ̀ dúdú máa ń ní CF, bó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Gbogbo ọmọ tuntun ní Bìrìtìkó ni wọ́n ń yẹ̀ wò fún un láti 2007, nínú ẹ̀jẹ̀ gìgísẹ̀ kan náà tí wọ́n fi ń wo fòníkú-fọ̀la-dìde. Àbùkù jíìnì tó wọ́pọ̀ lára ìran Áfíríkà, bíi 3120+1G>A, kì í ṣe èyí tó wọ́pọ̀ ní Yúróòpù, ìwádìí tó ń wo àbùkù jíìnì díẹ̀ péré lè fò ó. Bí ẹ bá fura, ẹ béèrè ìdánwò iyọ̀ òógùn: chloride 60 mmol/L sókè ń tọ́ka sí CF.

Oògùn tuntun ti dé. Ṣé ká dá ìtọ́jú dúró?

Elexacaftor/tezacaftor/ivacaftor, oògùn tó ń ran CFTR lọ́wọ́ láti ṣiṣẹ́, tí FDA fọwọ́ sí ní Oṣù Kẹwàá 2019, ti dín kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn kù, débi pé ife òṣùwọ̀n wọn ṣófo. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àwọn tó ń lo oògùn yìí, tí wọ́n dá omi iyọ̀ tàbí dornase alfa (oògùn tó ń mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ṣàn) dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò pàdánù FEV1 tó ṣe pàtàkì. Oògùn ìfàsímú ni wọ́n dá dúró níbẹ̀ o, kì í ṣe kíkó kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde. Àwọn tí oògùn tuntun kò bá jíìnì wọn mu, tí aláwọ̀ dúdú pọ̀ nínú wọn, kò ní ohun tó lè rọ́pò kíkó kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde.

Kí la lè máa wọ̀n nílé?

FEV1, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ní wákàtí kan náà, ṣáájú ìtọ́jú, lórí ẹ̀rọ kan náà. Ẹ fi ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin nígbà tí ara le ṣe ìpìlẹ̀. Bí ìpìlẹ̀ bá jẹ́ 2.10, 1.89 ni ìdá 10 tó já. Ẹ tún un fẹ́ lọ́jọ́ kejì. Bó bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ pe ilé-ìwòsàn. Ẹ kọ ikọ́ òru, ìwọ̀n ara àti iye ìtọ́jú tí ẹ ṣe gan-an sílẹ̀. Ètò ọjọ́ náà kó má yí: salbutamol, omi iyọ̀ ìdá 7, kíkó kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde, lẹ́yìn náà oògùn apakòkòrò ìfàsímú, kó lè dé ògiri tí a ti gbá mọ́.

Ẹ má yá ẹlòmíràn tó ní CF ní ẹ̀rọ yín. Kòkòrò bíi Pseudomonas àti Burkholderia ń gba ibẹ̀ kọjá.

Nígbà wo la gbọ́dọ̀ dá ìtọ́jú àti ìwọ̀n dúró?

Bí àyà bá ń dunni lójijì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí èémí sì ń kúrú, ẹ̀dọ̀fóró lè ti lu: kò sí PEP, kò sí fífẹ́ ẹ̀rọ, ọsibítù ni. Ẹ̀jẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ńkọ́? Tí kò bá tó ṣíbí tíì kan, ìyẹn mílílítà 5, ẹ má dá ìtọ́jú dúró, ṣùgbọ́n ẹ pe nọ́ọ̀sì CF bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kíní rẹ̀ tàbí tó ń padà wá. Bó bá kọjá ṣíbí kan, ẹ pè wọ́n lọ́jọ́ náà kí ẹ tó ṣe èyí tó kàn. Bó bá ń dà, ẹ dá gbogbo rẹ̀ dúró, ẹ pe ọkọ̀ pàjáwìrì, kí ẹ sì tọ́jú ife tó tu ẹ̀jẹ̀ náà sí dání kí dókítà lè rí bó ṣe pọ̀ tó.